Ìjọ Tó Fa Kárọ́ọ̀tì Mi Tu

Ọjọ́ Ìsinmi kejì tí mo lò ní Ṣakí ni wọ́n ti fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ìbàdàn ni, níbi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ilé-ìwé girama kan ní ìpẹ̀kun ìlú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ògbòòrò. Ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo wà ní yunifásítì. Èmi nìkan ni mo ń dá gbé. Ohun tí mo ń wá nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò ju pé kí n rí ibi jókòó sí, kí n kọrin, kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kí ẹnì kan sì bi mí bóyá mo sùn dáadáa.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo kọ́kọ́ lọ tóbi, ó wà nítòsí gáràjì. Wọ́n ní kí àwọn àlejò dìde, mo dìde. Wọ́n ní kí a sọ iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe: mo ní tíṣà ni mí. Kí n tó jókòó padà, ẹ̀rín ti kún ẹnu pásítọ̀. Ó ní, “Ẹ wo bí Olúwa ṣe ń gbọ́ àdúrà. Láti ìgbà tí olùkọ́ àwọn ọmọdé wa ti ṣí lọ sí Ìlọrin la ti ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀.” Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi kọ̀ tí obìnrin kan fi kó ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé lé mi lẹ́sẹ̀.

Ẹni tí kì í bá ṣe tíṣà lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ọmọ tó lé ní àádọ́rin ló máa ń dojú kọ mí nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Pátákó ìkọ̀wé wa ti gbó débi pé funfun ṣọ́ọ̀kì kì í hàn lára rẹ̀ bí oòrùn bá ti gba ojú fèrèsé wọlé. Ọ̀gá àgbà wa kì í wo ohun tí mo kọ sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi. Bí mo ṣe fa ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dá ìwé náà padà fún mi nítorí pé mo fi bírò dúdú fa ìlà dípò pupa.

Bí àkókò kajú bá wá dé, ìdajì kíláàsì á wọgbó lọ. Lọ́dún tí mo dé yẹn, bàbá kan wá bá mi ní ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ lẹ́yìn ìdánwò. Ó kí mi dáadáa, ó jókòó, ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi ní ẹ ò kọ́ òun ní ìṣirò ìdá.”

Mo ní, “Bàbá, ọmọ yín ò wá síléèwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Kajú ló ń bá mi ṣà.”

“Mo mọ̀, sà. Ìgbà tó ń ṣa kajú ni mo kọ́ àwọn yòókù ní ìdá.”

Bàbá náà ronú díẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ ò lè dúró dè wọ́n ni?”

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Mo ní mo ti gbọ́, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ẹni tó bá fi ọjọ́ márùn-ún gba irú èyí mọ́ra, ǹjẹ́ ẹ tún máa kó ọmọ ogójì fún un lọ́jọ́ Ìsinmi? Mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méje. Inú yàrá kan tó ní òrùlé páànù la wà, àwọn òbí wọn sì ń kọrin nínú gbọ̀ngàn níbi tí fáànù wà. N kò gbọ́ ìwàásù kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, mo fi ìwé wọn sílẹ̀ sórí tábìlì, n kò padà lọ mọ́.

Ọgbà mi ló gbà mí lọ́wọ́ ìbínú lákòókò yẹn, tàbí kí n sọ pé ó pààrọ̀ ìbínú kan fún òmíràn. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo gbà fẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n yangí ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá sọ ọkọ́ sílẹ̀, iná ló ń ṣẹ́ jáde. Mo ra ìgbẹ́ adìẹ, mo kó eérú jọ, mo fi ìṣó lu ìdí agolo mílíìkì kan láti máa fi bomi rin ín. Mo gbin tẹ̀tẹ̀, mo gbin ilá àti ata. Nígbà tí ìwọ̀nyí hù, mo gbójú sókè, mo ní n óò gbin kárọ́ọ̀tì.

Ẹnikẹ́ni kò ní kí n gbin kárọ́ọ̀tì. Ọmọ mi ló fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́ nínú páálí pélébé kan, àwòrán kárọ́ọ̀tì tó tóbi bí ọwọ́ ọmọ odó sì wà lára rẹ̀. Mo fi asẹ́ jọ erùpẹ̀ fún ebè méjì, òkúta kan kò kù níbẹ̀. Ó gbà mí ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀tún ilé mi ni Alájà kan ń gbé, àgbà obìnrin tó ń ta ọkà bàbà àti àgbàdo, tí ó sì ní ewúrẹ́ mẹ́ta. Ó dúró lẹ́bàá igi dóńgóyárò rẹ̀, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jọ erùpẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ fi se ẹ̀kọ ni?”

Mo ní, “Kárọ́ọ̀tì ni mo fẹ́ gbìn, mà.”

“Háà. Àwọn Hausa ló ń kó ìyẹn wá. Kì í hù níbí.”

“Á hù, mà.”

“Ó dáa o,” ni Alájà wí, ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn ẹni tó ń kí aláìsàn.

Kárọ́ọ̀tì náà hù. Wọ́n ń yọ tín-ín-rín tín-ín-rín. Àwọn ewúrẹ́ Alájà náà rí i pé ó hù, wọ́n sì rí tẹ̀tẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá wọn níbẹ̀, kò sí ewé tẹ̀tẹ̀ kan tó kù. Mo fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n fò ó. Mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ bò ó, òbúkọ kékeré àárín wọn jẹ àwọ̀n náà. Mo lọ bá Alájà.

Mo ní, “Alájà, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ so àwọn ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀.”

Ó ní, “Ewúrẹ́ tí wọ́n bá so mọ́lẹ̀ kì í sanra, Ìyá Tíṣà.”

“Ẹ̀fọ́ mi ló ń mú wọn sanra, mà.”

“Ẹ ṣeun,” ni ó wí. Ó bù mí ní ọkà bàbà kóńgò kan kí n máa gbé e lọ sílé. Kí ni èèyàn fẹ́ fi irú ìyẹn ṣe? Mo gbà á, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sì fi ìbínú wọlé.

Láàárín ìgbà náà, mo ti lọ dán ṣọ́ọ̀ṣì kejì wò. Ibẹ̀, mo sọ fún wọn pé mò ń ta ìwé. Irọ́ ni, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi sílẹ̀ nínú ìwé àlejò, obìnrin tó gba ìwé náà sì wo bí mo ṣe kọ ọ́. Ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti di igbákejì akọ̀wé. Èyí tó bí mi nínú jù níbẹ̀ ni ti ọkọ. Wọ́n gbọ́ pé opó ni mí, ni wọ́n bá kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tí ẹgbẹ́ aládùúrà yóò máa gbàdúrà ọkọ fún. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ mi, tí ará ọjà ń gbọ́. N kò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi wá ọkọ. Èyí tí mo ní, ikú ló gbà á, n kò sì tíì gbàgbé rẹ̀. Mo dìde lọ́jọ́ kan láàárín àdúrà náà, mo mú báàgì mi, mo jáde.

Ṣọ́ọ̀ṣì kẹta ló kéré jù. Ó wà lẹ́yìn ọjà, lẹ́sẹ̀ àpáta kan, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sára ògiri pé ìsìn yóò bẹ̀rẹ̀. Mo dé ní agogo mẹ́sàn-án kù ìṣẹ́jú márùn-ún, ilẹ̀kùn wà ní títì. Bàbá tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba oko lọ wo ebè iṣu rẹ̀ ná. Nígbà tó dé, agogo mọ́kànlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ó kí wa pé a kú ìnáwó, bí ẹni pé ayẹyẹ la wá ṣe. Àwa tí a wà níbẹ̀ kò pọ̀, ìyá àgbà ló pọ̀ jù. Wọ́n ń fa orin bí ẹni ń fa okùn kànga, kálukú sì ní ohùn tirẹ̀. Bàbá kan náà ló tún ṣe ìwàásù. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú Bíbélì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọnù, ó ń padà sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n dìde. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè orúkọ mi. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìjókòó náà ti sú mi, mo sì jáde kí wọ́n tó ka Oore-ọ̀fẹ́. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kadà títí mo fi dé ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo dúró sílé. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, mo máa ń ka sáàmù kan, n óò sì mú ọkọ́. Ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún kọjá kí Alájà tó sọ̀rọ̀.

“Ìyá Tíṣà, ẹ̀yin kì í lọ síbi àdúrà tiyín ni?”

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àwọn ọmọdé dé orí ọkọ. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Àbúrò mi obìnrin ń lọ sí ọ̀kan lẹ́sẹ̀ àpáta lẹ́yìn ọjà. Ọkọ ló fẹ́ síbẹ̀.”

“Mo ti débẹ̀, mà.”

“Kí ni wọ́n ṣe fún yín?”

“Wọn kì í tètè bẹ̀rẹ̀.”

Alájà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ó ní, “Tó bá jẹ́ àwọn tó ń tètè bẹ̀rẹ̀ lẹ ń wá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń kírun.”

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sọ èyí ni mo ṣubú. Òbúkọ kékeré náà ló tún wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó sì kọjú sí ebè kárọ́ọ̀tì mi. Mo mú ìgbálẹ̀, mo lé e. Ó yí kànga tó wà ní ẹ̀yìnkùlé po, èmi náà yí i po. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí pákó tútù tó wà lẹ́nu kànga, mo sì gbọ́ bí ọrùn ẹsẹ̀ mi ṣe ró. Alájà sáré dé, aṣọ ìrun rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi òrí pa ẹsẹ̀ náà, ó pe ọlọ́kadà, ó gbé mi síwájú, ó sì jókòó sẹ́yìn mi títí a fi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní egungun kò ṣẹ́, pé iṣan ló fà, kí n má fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí a ṣe ń padà bọ̀, Alájà ń gégùn-ún fún òbúkọ náà lójú ọ̀nà. Kò so ó mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀gá àgbà wa gbọ́ pé mo wà nílé. Ó kí mi lórí fóònù, ó ní pẹ̀lẹ́, ó sì kó ìwé ìdánwò kíláàsì mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi, nítorí pé mo ti wá ráyè. Ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ìwé ẹ̀kọ́ kan kù tí n kò dá padà. Ṣọ́ọ̀ṣì kejì bèèrè pé ta ni mo fi àkọsílẹ̀ ìpàdé sí lọ́wọ́. Mo nà sórí àga gígùn, mo gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, mò ń máàkì ìdá. Ọmọ kan kọ ọ́ pé ìdajì àti ìdajì jẹ́ ìdá mẹ́rin. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo sunkún díẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ìdá ni mo ń sunkún sí.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin mẹ́fà ló wọlé, ọkọ́ wà léjìká mẹ́rin nínú wọn. Èyí tó ṣáájú jọ Alájà bí ẹni pé wọ́n là wọ́n sí méjì. Ó ní, “Ìyá Tíṣà, ẹ kú ìrora. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún wa. Àwa la wà lẹ́sẹ̀ àpáta. A rí yín lọ́jọ́ tí ẹ wá. A ní bóyá ẹ ń kánjú ni, ìyẹn ni a ò fi dí yín lọ́wọ́.”

 Wọ́n kọ ẹsẹ orin kan, wọ́n gbàdúrà kúkúrú, wọ́n sì pín ara wọn. Ọ̀kan ń gbálẹ̀. Òmíràn wọ ilé ìdáná, ó ń se ọbẹ̀ ìṣápá. Àwọn mẹ́rin gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń gbọ́ ìró ọkọ́ wọn àti ọ̀rọ̀ wọn. Ara mi balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èèyàn ti ṣe nǹkan nínú ilé mi láìjẹ́ pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo sùn lọ lórí ìwé ìdánwò.

Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn ló jí mi. Ó ti súnmọ́ ọgọ́rin ọdún, erùpẹ̀ sì bo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “A ti bá yín ro ẹ̀yìnkùlé tán. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Èpò kan wà níbẹ̀ tó gba ebè méjì, ewé rẹ̀ rí wẹ́lẹwẹ̀lẹ, gbòǹgbò rẹ̀ gùn bí ìrù eku, ó sì pọ́n. Ó le. Ṣùgbọ́n a fà á tu pátápátá. A ti dà á fún ewúrẹ́ Alájà.”

 Mo wo ojú ìyá náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí pé kí n dúpẹ́. Mo ní, “Ìyá, kárọ́ọ̀tì ni.”

“Kárọ́ọ̀tì wo?”

“Èyí tí ẹ fà tu, mà.”

Àwọn yòókù ti dé ẹnu ọ̀nà. Àbúrò Alájà ní, “Èyí tí àwọn Hausa ń tà lọ́jà yẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Òmíràn ní òun ti sọ pé kì í ṣe èpò. Ẹnì kẹta ní irọ́ ni, ẹni yẹn gan-an ló kọ́kọ́ fà á tu. Èyí tó ń se ọbẹ̀ jáde wá pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, ó ń bèèrè pé kí ló dé. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí mi fẹ́ fọ́. N kò mọ ìgbà tí mo fi ohùn kíláàsì pariwo, mo ní, “Ẹ dákẹ́, gbogbo yín!”

Wọ́n dákẹ́. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún náà fi ìka lé ẹnu, bí ọmọ kíláàsì kìíní. Ìgbà tí mo rí ìyẹn ni ẹ̀rín gbé mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, tí ẹsẹ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Wọ́n kọ́kọ́ ń wojú ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n bá mi rẹ́rìn-ín. A jẹ ọbẹ̀ ìṣápá náà pọ̀, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n padà wá, wọ́n kó àṣẹ́kù irúgbìn oko wọn dání: ṣọkọ, ìṣápá, ewédú, ilá àti ata. Wọ́n gbin gbogbo rẹ̀ síbi tí kò wù mí. Ilá tí mo fẹ́ kó wà lápá òsì, apá ọ̀tún ni wọ́n gbìn ín sí, wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ ló dára. Mo jókòó sórí àpótí, mò ń wí, wọn ò gbọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi san díẹ̀, mo fi ọ̀pá rìn lọ sẹ́sẹ̀ àpáta. Agogo mẹ́sàn-án ni mo dé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Nígbà tí ìsìn parí, mo dìde fúnra mi, mo ní kò dára kí a kọ agogo mẹ́sàn-án sára ògiri kí a máa bẹ̀rẹ̀ ní mọ́kànlá. Bàbá oníkọ́kọ́rọ́ dúpẹ́ gidigidi. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti pa mẹ́sàn-án rẹ́, wọ́n kọ mẹ́wàá. A ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ní mọ́kànlá.

Ọdún kejì mi rèé láàárín wọn. Ní ọdún tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ìyá náà máa ń di ìwé orin mú ní òdì, pé orí ni wọ́n há gbogbo orin sí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n kà. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ní òun ti ń retí kí ẹnì kan bèèrè láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọge. Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn, àwọn mẹ́rin máa ń dúró, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà sára ilẹ̀kùn. Wọn kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n máa ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò jókòó níwájú. Ọ̀kan máa ń sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún padà kọ́ wọn ní “gb”, ìgbà kẹrin nìyẹn. Àbúrò Alájà wo lẹ́tà náà dáadáa, ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé àwọn ti pàdé rí, pé orúkọ rẹ̀ ló bọ́ lórí òun. Mo ní kí ó pè é. Ó ní kí n fún òun láyè díẹ̀.